Ìbòjú Táńkì Tó Bọ́ Sọ́wọ́ Ọ̀rẹ́ Mi

Ọ̀rẹ́ mi kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìbòjú táńkì kí n tó sọ fún un. Ibi tó ti ń dùn mí jù nìyẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi àwòrán rẹ̀ hàn án, èmi ni mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́, èmi náà ni mo sì mú un lọ sílé ìyá arúgbó tí ohun náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó wá jáde, ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi ló bọ́ sí.

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí nígbà náà, ní iléeṣẹ́ tó ń rí sí títì ṣíṣe àti ilé gbígbé, ní Alágbàka, Àkúrẹ́. Àwọn ará Èkìtì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti kó ẹrù wọn lọ sí Adó, tábìlì wọn ṣófo, àwa tó kù sì ń rí àǹfààní tí ì bá jẹ́ tiwọn gbà. Bí wọ́n ṣe rán mi lọ sí ìlú òyìnbó fún ẹ̀kọ́ ìgbà díẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, òtútù ń mú mi, n kò sì mọ ibi tí mo lè lọ, ni mo bá yà sí ilé kan tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí kí ara mi lè móoru. Ibẹ̀ ni mo ti rí i nínú gíláàsì.

Irin pẹlẹbẹ ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó lè bá iwájú orí àti imú ènìyàn mu, wọ́n sì fi awọ bò ó. Níbi tí ojú yẹ kó wà, wọ́n la ihò tóóró-tóóró sí i, tó jẹ́ pé agbára káká ni ẹni tó wọ̀ ọ́ á fi máa ríran. Láti ìdí imú wá sísàlẹ̀, àwọ̀n tí wọ́n fi òrùka irin wẹ́wẹ́ hun ló bo ẹnu àti àgbọ̀n. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọmọ ogun tó kọ́kọ́ jókòó sínú táńkì ló ń wọ irú rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Bí ọta bá ba ara táńkì lóde, irin gbígbóná á máa fọ́n ká nínú, á sì máa jó wọn lójú. Mo dúró níwájú ohun náà títí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi wá béèrè bóyá kò rẹ̀ mí.

Kí n tó rìnrìn àjò yẹn ni mo ti ń kó nǹkan ogun àtijọ́ jọ. Mo máa ń lọ sílé àwọn tí bàbá wọn lọ jagun ní Bọ́mà, mo sì ti rí fìlà onírin gbà, mo rí bẹ́líìtì, mo rí ìgò omi tí ìhò ọta wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sí Àkúrẹ́, gbogbo wọn kò jọ mí lójú mọ́. Ìbòjú yẹn ni mo ń fẹ́. Bí mo bá sọ fún àwọn ènìyàn pé ohun èlò táńkì ni mò ń wá, wọ́n á júwe ibi tí wọ́n ti ń ta táńkì omi fún mi.

Ọ̀rẹ́ mi yìí, ilé ẹ̀kọ́ gírámà ni a ti jọ wà. Ó ń ta oògùn òyìnbó ní Oǹdó, ọmọ Oǹdó sì ni, èmi sì jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́. Ọjọ́ tó wá kí mi nílé mi lẹ́yìn Arákalẹ̀, tó rí yàrá tí mo kó nǹkan sí, ni òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ. Inú mi dùn nígbà yẹn. Mo rò pé mo ti rí ọmọ ẹ̀yìn ni.

Ìyá arúgbó náà ń gbé ní Odòjọ̀mù, ní Oǹdó, nínú ilé alámọ̀ kan tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ iwájú rẹ̀. Mo gbọ́ pé bàbá rẹ̀ ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún òyìnbó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ irin ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, àti pé òyìnbó náà ti ja Ogun Kìíní. Ọdún pípẹ́ ni mo fi ń lọ kí ìyá yìí. Mo máa ń ra búrẹ́dì àti mílíìkì dání. Á gbà á, á súre fún mi, á ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti béèrè ohun tí òyìnbó náà fi sílẹ̀, èsì kan náà ni:

“Kò sí nǹkan kan mọ́, ọmọ mi. Ikán ti jẹ ẹ́ tán.”

Mo rò pé bóyá èdè ló fà á. Ó ń sọ Oǹdó, èmi ń sọ Àkúrẹ́, bí mo bá sì pe ilé ní “ulé,” á kàn máa rẹ́rìn-ín. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ ọ̀rẹ́ mi pé kó bá mi lọ, kó bá mi fi èdè wọn bá a sọ̀rọ̀. Ó bá mi lọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń dá lọ.

Ọjọ́ kan ni fóònù mi dún ní ọ́fíìsì.

“Ọ̀rẹ́ mi,” òun ló ń pè láti Oǹdó, “ṣé o wà ní ìjókòó?”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Màmá fún mi.”

N kò béèrè ohun tó fún un. Mo ti mọ̀.

Ó gbé e wá sí Àkúrẹ́ ní Sátidé. Ó wé e sínú aṣọ ìnura, ó sì fi àpò ìrẹsì bò ó. Bó ṣe ń tú u ni mò ń gbàdúrà nínú mi pé kó má ṣe jẹ́ ohun tó rò pé ó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí aṣọ náà ṣe ṣí báyìí, mo rí ihò tóóró ibi ojú, àwọ̀n irin sì ṣubú sórí tábìlì mi, ó dún ṣàràrà.

Ìyàwó mi tó gbé omi wá fún un wò ó, ó wò mí. Nígbà tó padà sí kíṣíìnì tí mo tẹ̀ lé e, ó rọra sọ pé, “Bàbá wọn, ẹ tún ojú yín ṣe. Ẹ ń wò ó bí ìyáálé tí ọkọ rẹ̀ mú ìyàwó tuntun wọlé.”

Ọ̀rẹ́ mi kò wá láti fi yangàn nìkan. Ìyáàfin kan wà tó ń kọ́ni nípa irin ní yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, ó fẹ́ pàtẹ àwọn ohun èlò irin àtijọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti sọ nípa ìbòjú náà fún un. Ìyáàfin náà ní òun máa gbé e sí àárín gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ pé ojúlówó ni.

“Mo sì sọ fún un pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó ọ,” ni ọ̀rẹ́ mi wí.

Mo mú awò tí mo fi ń wo nǹkan kéékèèké. Mo yí ìbòjú náà sí ẹ̀yìn. Ayédèrú máa ń fi ara rẹ̀ hàn láti inú, nítorí pé iwájú ni àwọn tó ń ṣe é máa ń mójú tó. Wọ́n á ra awọ tuntun, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú tíì kó lè dà bí ohun tó ti gbó. Mo gbóòórùn rẹ̀: kò rùn bíi tíì. Awọ rírọ̀ tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ ti dúdú níbi tí iwájú orí ti máa ń lágùn mọ́ ọn, ó sì mọ́ níbi tí awọ ara kì í kàn. Ìpẹtà ti gba abẹ́ awọ náà, ó ti yọ sójú rírán. Mo ka àwọ̀n náà ní òrùka kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé wọn kò jó wọn pọ̀, ńṣe ni wọ́n tẹ̀ wọ́n pa dé. Gbogbo rẹ̀ bá èyí tí mo rí nínú gíláàsì mu. Bí ó ṣe ń bá a mu tó ni inú mi ń bàjẹ́ tó.

Ìgbà náà ni mo rí okùn ẹ̀yìn rẹ̀. Rọ́bà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù sórí ọ̀kadà. Mo tún yí i padà, mo wo awọ iwájú. Iná ti jó o ní wẹ́wẹ́-wẹ́wẹ́ káàkiri, ó pọ̀ bí àpá ṣaṣá lójú ènìyàn. N kò rí irú èyí lára èyí tí mo rí ní ìlú òyìnbó. Ayọ̀ kan gbé mi dìde lórí àga.

“Ọ̀rẹ́, n kò lè fọwọ́ sí i,” ni mo wí. “Wo okùn yìí. Wo iná yìí. Ó jọ ohun tí ẹnì kan fi iná jó kó lè dà bí ohun ogun.”

Ojú rẹ̀ ṣú. Ó wé e padà díẹ̀díẹ̀, ó ní, “Jẹ́ ká lọ bi Màmá léèrè.”

Mo bá a lọ. Títí a fi kọjá Ọ̀wẹnà ló gbé àpò náà lé itan nínú bọ́ọ̀sì, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra, n kò sì lè wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìyá náà jókòó síwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀, èmi náà dọ̀bálẹ̀. Ó fi Oǹdó bi í nípa okùn àti iná náà. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì dáhùn, kí èmi náà lè gbọ́.

“Èmi ni mo so rọ́bà yẹn mọ́ ọn. Okùn àtijọ́ ti já. Iná tí ẹ rí, iná bàbá mi ni. Nígbà tí òyìnbó ń lọ sílé, ó fi í sílẹ̀ fún bàbá mi. Bàbá mi ti kọ́ iṣẹ́ irin lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dá àgbẹ̀dẹ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé yìí. Òun ló máa ń wọ̀ tó bá ń lu irin, nítorí iná máa ń ta sí i lójú. Títí tó fi kú ló ń wọ̀ ọ́.”

Ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Irin gbígbóná ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe ìbòjú náà, irin gbígbóná ni alágbẹ̀dẹ náà sì fi í dáàbò bo ojú rẹ̀. Mo jókòó, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, “Ojúlówó ni. N kò rí èyí tó dájú tó o rí.” Ọ̀rọ̀ náà le jáde lẹ́nu mi bí eegun ẹja. Ọ̀rẹ́ mi dì mọ́ mi.

Ṣùgbọ́n n kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. “Màmá,” ni mo wí, “láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń wá. Kí ló dé tí ẹ ń sọ fún mi pé ikán ti jẹ ẹ́?”

Ìyá náà wo ilẹ̀, ó wo ọ̀rẹ́ mi, ó wá wò mí. “Ọmọ mi, má bínú o. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó o wá, o ní o ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe títì. Mo rò pé ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ọ̀dà pupa kọ X sára ilé tí ìjọba fẹ́ wó ni. Mo ní bí mo bá fún ọ ní nǹkan bàbá mi, wàá ní mo ti gbà kí ẹ wó ilé rẹ̀ nìyẹn, kí n kẹ́rù mi. Bí o bá ti gbé búrẹ́dì dé, ẹ̀rù á máa bà mí. Mo máa ń ní, ọjọ́ òní ni wọ́n máa kọ ọ́.”

Ọ̀rẹ́ mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá wọlẹ̀. Torí kí n lè jọ ènìyàn pàtàkì lójú rẹ̀ ni mo ṣe sọ ibi iṣẹ́ mi fún un, ohun tó sì tì mí síta nìyẹn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀ lẹ́yìn ilé. Ibi tí mo dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kíṣíìnì, mo rí adìyẹ kan tó sàba lé ẹyin. Ó wò mí tìjàtìjà. Mo wo ohun tó sàba sínú rẹ̀. Kì í ṣe igbá, kì í ṣe agbọ̀n. Awọ tó le ni, ó rí roboto bí ìkòkò, wọ́n sì rán awọ mìíràn tó nípọn yí etí rẹ̀ ká. Aṣíborí ni. Irú èyí tí àwọn ará inú táńkì dé fún ìgbà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí wọ́n tó pa á tì. Mo ti rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò tíì fojú kàn án rí.

N kò pariwo. Mo padà síwájú ilé bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi nìkan ni mo padà wá, mo sì bẹ ìyá náà.

“Ohun tí adìyẹ wà nínú rẹ̀ yẹn?” ó ní. “Òyìnbó náà ló ni òun náà. Kò burú, ṣùgbọ́n jẹ́ kó pa ọmọ ná. N kò lè lé abiamọ.”

Bí mo ṣe ń ti Àkúrẹ́ lọ kí adìyẹ nìyẹn. Mo ń fi ọkàn ro ọ̀rẹ́ mi tí kò gbé jìnnà sí ibẹ̀. Bí mo bá wà ní ọ́fíìsì, á dà bí ẹni pé mo ń rí i tó ń wọ àgbàlá náà. Mo ń jí ní òwúrọ̀ pẹ̀lú owú, mo ń fi í jẹun. Ní ọjọ́ kan tí mo dé láìròtẹ́lẹ̀, òun ni mo bá lẹ́yìn ilé, ó lóṣòó, ó ń da àgbàdo sílẹ̀.

“Kí lo wá ṣe níbí?” ni mo bi í.

“Mo wá fún adìyẹ lóúnjẹ ni.”

“Láti ìgbà wo lo ti ń sin adìyẹ?”

“Láti ìgbà tí ìwọ ti ń ti Àkúrẹ́ wá bẹ̀ ẹ́ wò,” ó dáhùn. Ó dìde, ó gbọn ọwọ́. “O rò pé n kò ní rí i? O fi í pa mọ́ fún mi.”

“Ìwọ ti ní ìbòjú!”

“Wọ́n jọ ń lọ ni! Orí kan náà ló wọ méjèèjì!”

Ariwo wa mú kí ìyá náà fi ọ̀pá jáde. Ó dúró, ó wo àwa méjèèjì tí irun wa ti ń funfun, ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ìwọ oníṣègùn, o ti gba tìrẹ. Ti ará Àkúrẹ́ nìyẹn. Ẹ má fi ariwo ba ẹyin mi jẹ́.”

Nígbà tí adìyẹ náà pa ọmọ tán, mo gbé aṣíborí mi lọ sílé. Ìdọ̀tí adìyẹ ti jẹ apá kan rẹ̀, awọ ibẹ̀ sì ti là. Kò sí nǹkan kan tó kù nínú rẹ̀ àfi ojú rírán. Ìyàwó mi ní kí n má gbé e wọ yàrá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wá wò ó, tó gbé e sókè, tó sì yí i wò, mo rí ojú tí mo mọ̀ dáadáa, ojú èmi náà. Mo gbádùn rẹ̀, n kò ní purọ́.

Nígbà tó yá, olùkọ́ yunifásítì náà gbọ́ nípa aṣíborí mi, ó ní òun fẹ́ méjèèjì. Ó yẹ awọ wọn wò, ó yẹ irin wò, ó ní ọ̀rọ̀ mi jóòótọ́. Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó máa wà níwájú. Mo ní aṣíborí ló ṣọ̀wọ́n jù. Ọ̀rẹ́ mi ní kò sẹ́ni tó máa kúrò nílé torí ìtẹ́ adìyẹ. Ìyáàfin náà jẹ́ ká sọ tiwa tán, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ náà, ọ̀rẹ́ mi lọ fi mọ́tò gbé ìyá arúgbó náà wá láti Oǹdó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ibẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò. Ọ̀dọ̀ ìbòjú ni gbogbo wọn pọ̀ sí. Mo dúró lẹ́yìn, mo ń wo ọ̀rẹ́ mi tó wọ agbádá, tó ń ṣàlàyé fún wọn bí wọ́n ṣe tẹ àwọn òrùka irin náà pa dé. Ọ̀rọ̀ mi ló ń sọ, bí mo ṣe sọ ọ́ fún un gan-an ni.

Àwọn ọmọ náà ya ọ̀nà fún ìyá náà. Wọ́n ti gbé ìbòjú náà lé orí igi kan tó ga bí orí ènìyàn. Ìyá náà dé iwájú rẹ̀, ó dúró. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá mi,” ó wí.

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gbé e dìde, ó kọ̀. Ó fi ìka gbé àwọ̀n irin náà sókè, bí ẹni ká kọ́tìnì. “Èmi ni mo máa ń bu omi fún wọn lágbẹ̀dẹ,” ó ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. “Wọn kì í bọ́ ọ. Wọ́n á gbé e báyìí, n ó sì fi igbá sí wọn lẹ́nu. Ẹnu wọn nìkan ni mò ń rí ní ọ̀sán. Ó di alẹ́ kí n tó rí ojú wọn.” Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa iwájú rẹ̀ níbi tí iná ti jó o, ó sì ń fọwọ́ wá ibì kan. “Èyí rè é. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ọkọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó ti fi etí agbádá nu ojú. Èmi, ní tèmi, owú ló tún gbá mi mú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ mi mọ́. Ìyá yẹn ni mo ń jowú. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìbòjú yẹn, inú ìwé àti inú gíláàsì ni mo ti rí i. Òun mọ ẹnu tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi bi ìyá náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bóyá ó fẹ́ gbà á padà. Ó ní kí lòun fẹ́ fi ṣe, pé kó sáà máa fi àdín pa awọ rẹ̀. Èmi àti olùkọ́ náà jọ pariwo pé àdín á ba nǹkan jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ra àdín lọ́nà nígbà tó ń gbé ìyá náà padà sílé.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà títí di òní, ní Oǹdó, nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ibi tó ń kó oògùn sí. Bí mo bá lọ kí i, á gbé e jáde, á sì fi í lé mi lọ́wọ́. Awọ náà ti rọ̀ sí i, ó sì ń dán. Mo máa ń gbé e mọ́ra, mo máa ń wo ihò ojú rẹ̀, mo máa ń jẹ́ kí àwọ̀n náà ṣàn gba ìka mi, títí tí ọ̀rẹ́ mi á fi na ọwọ́ sí mi, á ní, “Ó tó, ó tó. Gbé e wá.”